Ìṣó Tí Wọ́n Kàn Mọ́ Ọ̀rọ̀ Bàbá Mi

Wọ́n kan ìṣó mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi, títí dòní olónìí, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ fún mi pé “ẹ pẹ̀lẹ́.”

Kí ẹ má baà rò pé òwe ni mò ń pa: ìṣó gidi ni, irú èyí tí káfíńtà fi ń kan pákó òrùlé. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ wa n’Íkẹjà ni wọ́n ti kàn án, lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

Ìgbà sáàpù ni, nígbà tí ọrọ̀ ajé le koko. Àwọn ṣọ́jà ń pàṣẹ lókè, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà sì ń pàṣẹ bíi ṣọ́jà nísàlẹ̀. Mo jáde yunifásítì, mo wá di akọ̀wé àgbà nílé iṣẹ́ ìhunṣọ kan. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà lọ́fíìsì wa, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń bò ó bí òkú. Máníjà wa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé tí iṣẹ́ ọjọ́ bá ti parí, mo lè máa tẹ ohun tí bàbá mi ń sọ sínú ẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé nígbà tó yá, ó ní òun ò rántí.

Ohun tí bàbá mi ń sọ nìyí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Oko obì ni gbogbo ilẹ̀ Agége dé Ìkẹjà nígbà tí wọ́n wá ṣe alágbàṣe níbẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè ni mo ń jókòó tì wọ́n ní yàrá wọn, tí wọ́n ń rò, tí mò ń kọ: igi tí ejò ti lé wọn já bọ́, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n sin sí ìdí igi mìíràn, ọmọbìnrin tó ń fi ewé wé obì tó wá di ìyá mi.

“Ibi tí kọ́ńpínnì yín wà yẹn,” wọ́n á ní, “abẹ́ igi obì mi ni. Ẹ kàn ń hun aṣọ lórí oko mi ni.” Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí pé níbo ni mò ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Mo ní inú ẹ̀rọ.

“Agbọ̀n kan ṣoṣo? Obì tó bá wà lójú kan, kòkòrò kan ló máa jẹ ẹ́ tán.”

Bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Mo ra dísíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú àwọn pẹlẹbẹ dúdú ìgbà yẹn tó rọ̀ bí páálí, mo ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá mi ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Ẹnu wọn wọ́, ahọ́n wọn wúwo. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní láyé.

Ojú ìwé kìíní nìkan ni mo ti tẹ̀ jáde sórí bébà rí. Mo kà á fún wọn níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Omi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n gbé ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n jù ú síwájú. Máa lọ. Máa kà á lọ.

Mo fẹ́ gbé dísíkẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé ìtẹ̀wé kan l’Ọ́gbà, kí wọ́n bá mi tẹ ìyókù. Òfin géètì ni pé nǹkan kan ò gbọdọ̀ jáde láìsí pápà tí máníjà fọwọ́ sí. Mi ò bá òfin yẹn jà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti fi òwú ilé iṣẹ́ wé ikùn bí oyún rí. Mo béèrè pápà. Máníjà ń lọ sípàdé l’Áláúsá, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ mọ́tò.

“Gbé e lọ jàre! Ta ló máa bi ẹ́ ní dísíkẹ́ẹ̀tì?”

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ bi mí. Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni, àgbà tó dàgbà jù mí lọ.

“Kí lèyí, Alákọ̀wé?”

“Dísíkẹ́ẹ̀tì ni, sà. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló wà nínú ẹ̀.”

Wọ́n gbé e sétí, wọ́n mì í. “Bàbá yín ò sọ nǹkan kan o.” Àwọn tó tò sẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ fi sílẹ̀. Tí pápà bá dé, ẹ wá gbà á.”

Ọjọ́ Fúráìdè nìyẹn. Mo fọkàn balẹ̀: ti inú kọ̀ǹpútà ṣáà wà níbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, máníjà fọwọ́ sí pápà náà. Yíǹkì ẹ̀ ò tíì gbẹ tí iná fi lọ. Àwọn tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó yí i pa dà, iná sáré wọlé, kọ̀ǹpútà dún “pò!”, èéfín yọ lẹ́yìn ẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ dúró wò ó. Mo di pápà mú, mo sáré lọ sí géètì.

Ó yẹ kí n ti rántí ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní Mọ́ńdè. Pátákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí à ń pè ní pátákó olè. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ń kàn án mọ́ láti fi dẹ́rù bani. Mo bá ẹ̀rọ omi kan níbẹ̀, àti búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n ti gbẹ́ inú ẹ̀ láti fi kó abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ pamọ́. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ń sọ̀kalẹ̀ lórí àpótí, òòlù lọ́wọ́.

“Pápà rèé, sà! Máníjà ti fọwọ́ sí i!”

Wọ́n kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. “Ó dáa náà.” Wọ́n fi ẹ̀mú fa ìṣó yọ lára dísíkẹ́ẹ̀tì mi, wọ́n nà án sí mi. “Kí lẹ wá ń wò bẹ́ẹ̀? Ṣebí ihò ti wà láàárín ẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

Ihò wà láàárín ẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ṣe é ló dá ihò yẹn sí i. Ta ló ní kí ẹ fi kejì kún un?

Ó wá ku ti inú kọ̀ǹpútà. Mo lẹ bébà mọ́ ojú ẹ̀, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ PA NǸKAN INÚ Ẹ̀ RẸ́. Ẹnjiníà tí kọ́ńpínnì pè dé nígbà tí mo lọ kírun ọ̀sán. Kí n tó dé, ó ti ń nu ọwọ́.

“Ibi tó ń gba iná nìkan ló jó, mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Nǹkan kan ò ṣe ikùn ẹ̀.”

Mo ní alihamdulilahi.

“Mo wá bá yín fọ gbogbo ẹ̀ mọ́. Pàǹtí inú ẹ̀ ti lọ, ó ti di tuntun.”

“Bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́?”

“Mo rí i. Mo yọ ọ́ kí n lè rí ojú ẹ̀ dáadáa ni.”

Ẹ̀rọ tí kò pàdánù ohunkóhun ni ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ di òfìfo. Mo ti dísíkẹ́ẹ̀tì oníṣòó bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó ń lọ̀ ọ́ kẹrẹkẹrẹ bí ẹni ń jẹ eegun, ó pọ̀ ọ́ jáde. Mo lọ bá máníjà.

“Ṣebí ìtàn lásán ni,” ó ní. “Ti kọ́ńpínnì ṣáà wà lórí bébà. Tún lọ bi bàbá ẹ.”

Tún lọ bi bàbá mi!

Bàbá mi dùbúlẹ̀ lórí ẹní títí òjò ọdún kejì fi dé, ìgbà náà ni wọ́n kú. Gbogbo Sọ́ńdè ni mo ń ka ojú ìwé kan ṣoṣo náà fún wọn. Ó parí síbi tí wọ́n ti gbé àkàbà ti igi obì àkọ́kọ́. Wọ́n á ju ọwọ́ òsì síwájú, máa lọ, èmi á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ ò tíì kú gbogbo yín. Ẹni tó fi ẹnu yọ̀ǹda tó wá sẹ́, ẹni tó kan ìṣó sínú ohun tí kò mọ̀, ẹni tó yọ bébà láì kà á: ẹ dá mi lóhùn. Lẹ́yìn tí bàbá mi gbé àkàbà ti igi, kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ni ó yẹ kí n kà fún wọn?