Ọ̀sẹ̀ Méjì fún Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àǹtí Maeng

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà ní imú rẹ tí wọ́n sì gbé ọ wá sí ilé ìwòsàn wa ní Tongyeong, ìlú apẹja létí òkun, kì í ṣe dókítà lo máa kọ́kọ́ rí, Maeng Ok-sun ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà Bang, oníṣẹ́ abẹ egungun ojú. Okùn ọkọ̀ ojú omi já, ó gbá apẹja lójú, ọlọ́kadà ṣubú, ọ̀mùtí méjì wọ̀yá ìjà: ọ̀dọ̀ Àǹtí Maeng ni gbogbo wọn ń bọ̀. Á dúró sẹ́yìn orí aláìsàn, á fi ìka tọ egungun abẹ́ ojú lọ, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. "Ya ẹnu. Ètè òkè ńkọ́, ṣé ó kú tipiri? Wòkè, ìka mélòó lo rí?" Kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ èmi Pyo, tí mò ń ya àwòrán egungun, Àǹtí ti sọ ibi tó ṣẹ́ fún mi. Mi ò rántí ọjọ́ kan tó ṣì í.

Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá lu èèyàn, ìwé dókítà ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó, iye ọ̀sẹ̀ tí ìwòsàn máa gbà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ọlọ́pàá kì í bi ọ́ bóyá ó dùn ọ́. "Ọ̀sẹ̀ mélòó?" ló máa bi ọ́. Mo ti rí apẹja méjì tí wọ́n lu ara wọn nítorí àwọ̀n, tí wọ́n wá jókòó síta, tí wọ́n ń ná ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń ná ẹja.

"Dókítà, ẹ fún mi ní mẹ́rin!"

"Mẹ́rin kẹ̀? Imú tó ti wọ́ láti ọjọ́ tí ìyá ẹ ti bí ẹ!"

Àǹtí Maeng jágbe mọ́ àwọn méjèèjì. "Ẹ panu mọ́! Egungun ló ń sọ iye ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ẹnu yín." Dókítà Bang rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ló sọ. Obìnrin náà sì gbà pé ọ̀rọ̀ ọ̀gá òun dé inú.

Lóṣù kẹta, lọ́sàn-án gangan, àbúrò ìyàwó Dókítà wọlé. Jae-gon lorúkọ rẹ̀. Ó ti mutí yó, gíláàsì ti ya á lọ́wọ́, ó ní òun ò lè dúró de ẹnikẹ́ni. Àǹtí Maeng ní kó jókòó, pé bàbá arúgbó kan tí àgbọ̀n rẹ̀ ṣẹ́ ló kàn. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló bá a.

"Pyo, ètè mi ti kú," Àǹtí wí nígbà tó jókòó síwájú ẹ̀rọ mi. "Mò ń rí ẹ ní méjì. Ọ̀kan ṣoṣo gan-an ti ń dà mí láàmú tẹ́lẹ̀."

Àwòrán jáde: egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ṣẹ́ níbi mẹ́ta, ó ti rì wọlé. Ó wò ó, ó mi orí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ó ní.

Ìwé òtítọ́ nìkan ló ń fẹ́. Lọ́dún tó kọjá, Jae-gon yìí kan náà gbá nọ́ọ̀sì ọmọdébìnrin kan létí. Dókítà bẹ Àǹtí Maeng pé kó pẹ̀tù sí ọmọ náà nínú, ó pẹ̀tù sí i, ọmọ náà sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú oṣù yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Àǹtí títí di òní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dókítà pe àwa méjèèjì. Ìwé ti wà lórí tábìlì: ara bó, ọ̀sẹ̀ méjì.

"Dókítà, ìwé ta nìyí?"

"Nọ́ọ̀sì Maeng, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Èmi fúnra mi ni máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Inú ẹnu ni máa gbà, àpá ò ní hàn."

"Iṣẹ́ abẹ kí ni? Ṣebí ìwé yín ní kò ṣẹ́."

Àǹtí fa ọwọ́ Dókítà, ó gbé ìka rẹ̀ sábẹ́ ojú òun. "Ẹ fọwọ́ bà á. Kí ẹ wá wò mí lójú, kí ẹ sọ pé kò ṣẹ́."

Mo rí i tí ìka náà dúró níbi tí egungun ti já wálẹ̀. Ọwọ́ tó ti tún ojú ìdajì apẹja ìlú yìí ṣe ni, kò lè ṣàì mọ̀. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ara tó wú ni," ó ní.

Àǹtí yíjú sí mi. "Pyo, ìwọ lo yà á. Kí lo rí?"

Obìnrin yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé orí aláìsàn. Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, òun ló ń gbé ọbẹ̀ ewé òkun, oúnjẹ ìyá ọmọ tuntun, wá fún un láràárọ̀. Mo wolẹ̀.

"Dókítà ló mọ àwòrán kà, Àǹtí."

Kò sunkún, kò sì bú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Busan. Dókítà kan tí kò mọ̀ ọ́n rí gbé egungun náà padà sípò, ó fi irin wẹ́wẹ́ dè é, ó sì kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n gbé Jae-gon lọ sílé ẹjọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá pè mí, mo sọ òótọ́, nígbà tí òótọ́ náà ò lè ṣe mí ní nǹkan kan mọ́.

Àǹtí padà wá kó ẹrù rẹ̀ lóṣù karùn-ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti dọ́gba. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Dókítà gbèjà àna ẹ̀," ó ní. "Ìwọ ńkọ́, Pyo, ta lo gbèjà?"