Ife Omi Tí Mo Gbé Kalẹ̀ fún Tọ́ọ̀mù

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Dubai fún yín. Ẹ má sáré kà á o, èmi náà kò sáré kọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi, Bùkọ́lá, ni mo wà ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú bàbá arúgbó òyìnbó kan nínú fíláàtì kan ní Silicon Oasis, àdúgbò kan ní Dubai. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n fẹ́ fín oògùn ìdun sí yàrá wa. Níbo ni kí n wá jókòó sí? Mo bá a lọ síbi iṣẹ́.

Bàbá yìí kò jẹun láti àná. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò ṣáá. Ọkàn Bùkọ́lá kò balẹ̀, torí ọmọ bàbá ti ní tí kò bá jẹun lọ́jọ́ yẹn, ọsibítù ló kàn. Bàbá sì ti bẹ̀ wọ́n pé òun kò fẹ́ kú sí ọsibítù.

Mo ní kí Bùkọ́lá bi í pé kí ló ń wò. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, Bùkọ́lá ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ó ní bàbá òun ni ọ̀gá ibùdó rélùwéè ní abúlé wọn ní England. Ibùdó kékeré ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi wàrà ránṣẹ́ sí ìlú ńlá, ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń wọkọ̀ lọ sílé ìwé. Bàbá wọn á lu aago, á tan fìtílà. Ibẹ̀ náà ni Tọ́ọ̀mù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti wọ rélùwéè tó ń jó èédú lọ sójú ogun. Kò padà, wọn kò sì rí òkú rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn èèyàn ra mọ́tò, ìjọba ti ibùdó náà pa. Wọ́n hú àwọn irin rẹ̀ nílẹ̀, koríko bo gbogbo ẹ̀. Síbẹ̀, bàbá wọn ń tan fìtílà yẹn lálaalẹ́ títí tó fi kú!

Bàbá wá ní òun ti ń gbọ́ rélùwéè náà láti àná. Ó ní, tí Tọ́ọ̀mù bá dé, níbo ló máa sọ̀kalẹ̀ sí?

Ara mi bù máṣọ. Ṣé metro, rélùwéè inú ìlú Dubai, ló ń gbọ́ ni? Metro kò tíì dé àdúgbò yẹn!

Ló bá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ó ní Tọ́ọ̀mù ti dé. Mi ò rí ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ afẹ́fẹ́ kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rùn bí èédú tí wọ́n fi omi pa. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ṣí: "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn."

"Màmá, ta lẹ̀ ń kí?"

"Ẹni tó dé ni."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà mí! Khalas! Ó tó!"

"Lọ bu omi wá. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn? Àlejò dé, o wá ń pariwo lé e lórí!"

Ó bu omi wá. Mo gbé ife náà sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ òun wá. Ó jẹ ẹ́ tán pátá! Ó sì sùn.

Nígbà tí a ń múra àtilọ, ife ti gbẹ. Mo ní AC ló fà á. Bùkọ́lá tún bu omi sí i.

Bàbá ṣì wà, ó ń jẹun. Bùkọ́lá tí ẹ̀rù ń bà yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi sẹ́nu ọ̀nà báyìí kó tó bu oúnjẹ fún un.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká má máa bá ẹni tó ń retí èèyàn rẹ̀ jiyàn. Ká ṣáà tún àyè ṣe.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ní ẹni tó lọ tí kò padà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Èyí tí mi ò bá lè kà, Bùkọ́lá á kà á fún mi. Tí ẹni yín yẹn bá dé lónìí, níbo ló máa sọ̀kalẹ̀ sí?