Epo Pupa ní Oríta Wa

Wọ́n fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi kí òjò tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn máa dúró dè tó rọ̀, wọ́n sì sọ Mùsùlùmí tó kọ́ mi ní iṣẹ́ náà di ẹlẹ́bọ, nítorí kẹ́ẹ̀gì epo pupa méjì.

Mo rántí ìgbà tí ọ̀nà Alápòtí ní Ọ̀tà ṣì jẹ́ igbó lọ́tùn-ún lósì, tí ẹni tó ní ilẹ̀ ń tà á, tí ẹni tí kò ní in náà ń bá wọn tà á. Yunifásítì ti dé, ṣọ́ọ̀ṣì ti dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, oko ẹ̀gẹ́ sì ń di họ́sítẹ̀lì lójú wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú iṣẹ́ ọnà nígbà náà, mo gba yàrá kan ní Joju, mo sì rò pé ẹni tó bá ti ka ìwé nípa amọ̀ ti mọ amọ̀. Lórí ilẹ̀ kan tí wọn kò tíì kọ́lé sí, òkìtì ọ̀gán kan wà níbẹ̀ tó ga jù mí lọ. Láàárọ̀ ọyẹ́, màá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò kan lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò sì ti inú rẹ̀ wá bá mi lọ́wọ́, nígbà tí gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fi àdá ṣá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn ikán ti dí ojú ọgbẹ́ náà, amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún wọn, kò sì sí èyí tó gba ìwé ẹ̀rí nínú wọn. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń ya á sínú ìwé mi títí ẹnu pẹ́ńsù fi kú. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí katapílà fi tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mo pinnu pé n ó mọ irú rẹ̀ méje síbi tí katapílà kò ti ní lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò kan ní ojú ọ̀nà yẹn ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe oríta wọn lọ́ṣọ̀ọ́, níbi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé. Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta sí wọn, mo ya àwòrán sí i, mo sì to ohun èlò mi lẹ́sẹẹsẹ: iyẹ̀pẹ̀ pupa, koríko gbígbẹ, èèpo èso igi irú, epo pupa kẹ́ẹ̀gì méjì. Epo ni ohun kẹrin, kò fara pamọ́ síbì kankan. Alága fọwọ́ sí i, akọ̀wé fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi títí dòní.

Bàbá amọlé kan ló kọ́ mi ní ohun tí yunifásítì kò kọ́ mi. Láti ìhà Ọ̀yọ́ ló ti wá sí Ọ̀tà nígbà èwe rẹ̀, kí búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ amọ̀. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Àlàájì, ṣùgbọ́n èmi ń pè é ní Bàbá. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ọgbọ́n ìwé mi mọ, òjò wíniwíni lásán ló là á sí méjì. Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú.

Ó ní, “Ọmọ yunifásítì, amọ̀ ò gbọ́ gírámà o. Fi omi èèpo irú pò ó, jẹ́ kó gbẹ, fi epo pa á lára, kí o wá fi òkúta odò dán an. Òjò á dé, á kí i, á bá tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe ilé tí wọ́n bí mi sí nìyẹn.”

Ẹsẹ̀ la fi ń gún amọ̀ náà. Bàbá á ti aṣọ rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò, á máa tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, èmi náà á máa tẹ̀ lé e. A mọ ọ̀gán méje, èyí tó kéré jù nínú wọn dé èjìká mi, a sì dá ihò sí wọn nísàlẹ̀ àti lókè bí mo ṣe rí i lára ti ikán, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba inú wọn kọjá. Nígbà tí oòrùn bá mú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti kíláàsì bọ̀ á dúró, wọ́n á gbé ojú sí ihò náà kí ara lè tù wọ́n. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi epo pa á, Bàbá dúró, ó wo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ọmọ mi, oríta ni ibí yìí o. Ṣé àwọn èèyàn rẹ mọ̀ pé epo máa kàn án?”

“Bàbá, ó wà nínú lẹ́tà.”

“Lẹ́tà,” ni ó wí. “Ó dáa.”

Àgbà ń sọ̀rọ̀, mo ń fi lẹ́tà dá a lóhùn. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ ẹni tí wọ́n ń da epo fún ní oríta. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ikán ni ọkàn mi wà, kò sí lọ́dọ̀ Èṣù.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ránṣẹ́ pè wá. Ọjọ́ Àìkú ni, lábẹ́ tapólì ìjọ kékeré kan tó kọjú sí oríta náà. Alága jókòó níwájú, akọ̀wé ṣí ìwé ìpàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pásítọ̀ ìjọ náà dúró lẹ́yìn wọn. Alága bi mí pé kí ni epo ń wá ní oríta. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn fẹ́: nítorí òjò ni. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ìwé. Mo ní iṣẹ́ náà ń bá àyíká sọ̀rọ̀. Mo ní kì í ṣe ère tó dúró gbagidi, pé ó ń mí.

Ìyá kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ó ń mí kẹ̀? Ẹ̀yin èèyàn, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o.”

Bàbá bá dìde. “Ẹ má dá a lóhùn, ìwé ló ń ka. Ohun tí kì í jẹ́ kí òjò wọ amọ̀ ni epo yẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọ̀kan nínú àwọn onílé ní, “Àlàájì, ẹ̀yin náà? Ẹ ju òkúta lu Ṣàìtánì ní Mẹ́kà, ẹ wá padà sílé wá ń fi epo bọ ọ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín, alága náà rẹ́rìn-ín. Bàbá dúró títí ẹ̀rín náà fi tán.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí òjò kan ṣoṣo rọ̀ sí i. Tó bá yọ́, mo purọ́, èmi gan-an á bá yín kó o dànù. Tí kò bá yọ́, kí ẹni tó pè mí ní abọ̀rìṣà tọrọ àforíjì níbí tí gbogbo yín jókòó sí.”

Alága ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé àwọn máa dúró de òjò. Lójú mi báyìí ni akọ̀wé ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé oríta ní aago méje àárọ̀, mo bá ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń fi dígà fọ́ ìkeje. Mẹ́fà ti wó lulẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Àǹtí, ẹ má bínú sí wa, ẹgbẹ́ ló rán wa.”

“Ta ni nínú ẹgbẹ́?”

Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. “Wọ́n ní ká má dárúkọ.”

Ọjọ́bọ̀ ni òjò rọ̀. Ìkeje yẹn le ju dígà wọn lọ, wọ́n fi kùkùté rẹ̀ tó dé orúnkún sílẹ̀. Mo lọ kan ilẹ̀kùn akọ̀wé, mo ní kó bá mi kálọ. Omi ń yí lórí epo náà bí ó ṣe ń yí lórí ewé kókò, ó ń dà sílẹ̀, kò wọlé. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ agbòjò rẹ̀, ó wo ìka rẹ̀, amọ̀ kankan kò lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ní, “Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ. Ṣùgbọ́n ó ti parí.”

Kò parí fún Bàbá. Ẹni tó ti fẹ́ kó bá òun rẹ́ ilé ní ọ̀sẹ̀ yẹn ránṣẹ́ pé òun ti rí ẹlòmíràn. Ní Jímọ̀, ẹnì kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní sáfù, lórí ìlà ìrun ní mọ́ṣáláṣí, ó lọ dúró sí ẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ kí n tó kúrò nílé rẹ̀. Ó kú kí Ààwẹ̀ míì tó dé. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á, nítorí n kò fẹ́ fi irọ́ kún ẹjọ́ tó jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣì ń mọ amọ̀. Mo ti mọ ọ̀gán sí àgbàlá àwọn èèyàn káàkiri, epo sì ni mo fi ń pa gbogbo wọn lára, mo máa ń ṣe é lójú gbogbo ayé. Ẹyẹ idì símẹ́ńtì ló wà ní oríta yẹn báyìí, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà wúrà. Mo kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Àwọn ikán ti mọ ọ̀gán sí ìdí idì náà, tiwọn gan-an, ó ti ga dé ìyẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù níbẹ̀ sọ fún mi pé ẹgbẹ́ ń rán èèyàn wá wó o lọ́dọọdún, pé lọ́dọọdún ló ń padà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ihò rẹ̀. Ó ń mí.

Alága ìgbà yẹn wà láàyè, akọ̀wé wà láàyè, ìjọ náà ti kúrò lábẹ́ tapólì, ó ti kọ́ ilé alájà méjì. Nítorí náà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ gbé ìwé ìpàdé ọjọ́ Àìkú yẹn jáde. Ta ló rán àwọn onídígà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ẹ ti gbà láti dúró de òjò? Àwọn ọmọ Bàbá ṣì ń kírun ní mọ́ṣáláṣí tí àwọn èèyàn ti sá fún baba wọn. Òjò tí ẹ ní ẹ ń dúró dè ti rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, akọ̀wé yín sì fi ìka rẹ̀ kàn án. Ta nínú yín ló máa lọ sọ fún àwọn ọmọ náà pé òótọ́ ni baba wọn sọ?