Ọmọ Ọmọ Akanisi Tí Kò Tíì Lè Kọjá Odò

Bí ọmọ àlejò bá bú sẹ́kún létí òkun Vatuloa, erékùṣù wa, kò sẹ́ni tó ń lọ wá ìyá rẹ̀. Akanisi là ń pè. Á jókòó pìì sínú yanrìn láìbìkítà fún aṣọ, á yọ akàn kan nínú àpò, irú èyí tó ń gbé inú ìkarahun ìgbín òkun, á gbé e lé ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ẹkún ti dẹ̀rín. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tó ti ń bá àwọn ọmọ àlejò ṣeré ní ilé àlejò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú wa. Àwọn kan ní ìyẹn náà tún ń jẹ́ iṣẹ́? Ó dáa, kí wọ́n lọ bá ọmọ méjìlá ṣeré nínú oòrùn látàárọ̀, kí wọ́n padà wá sọ ohun tójú wọn rí.

Ẹ wá wò ó níbi eré ìje akàn. Á fi igi fa òbìrí ńlá sórí yanrìn, ọmọ kọ̀ọ̀kan á yan akàn tirẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn, wọ́n á da gbogbo wọn sábẹ́ garawa láàárín òbìrí. Ó di kí wọ́n ṣí garawa! Akàn tó bá kọ́kọ́ jáde lójú ìlà ló jáwé olúborí. Ariwo tó máa ń sọ, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lókèèrè ń gbọ́ ọ. Akanisi sì mọ akàn tó yára nínú gbogbo wọn, èyí tí ìkarahun rẹ̀ fúyẹ́. Ọmọ tí inú rẹ̀ bà jẹ́ jù lọ́jọ́ náà ló máa ń rọra tì í sí. Ojúsàájú ni, mo mọ̀, àmọ́ ẹ má sọ fún wọn o.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun alára bí, Litiana. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Litiana lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Brisbane, ó fẹ́ ọkùnrin ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Brendan, wọ́n sì bí Hazel, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí. Akanisi kò fojú kàn án rí. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbé jó láti ọdún dé ọdún, ọmọ ọmọ tirẹ̀ wà nínú fóònù. Bí ó bá rò ó, á kàn mí kanlẹ̀, á ní kí wọ́n gbé garawa akàn wá.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹsàn-án. Akanisi gbé òdòdó tó sín mọ́ okùn dání, ó ń kọrin káàbọ̀ fún àwọn àlejò tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó kí ẹnì kan, ó kí ẹnì kejì. Ẹnì kẹta sọ̀ kalẹ̀. Litiana ni.

Orin já lẹ́nu rẹ̀. Ó figbe ta, ó ju òdòdó nù, ó sì dì mọ́ ọmọ rẹ̀ débi pé awakọ̀ rò pé ìjà ni.

"Màámi, mo fẹ́ ya yín lẹ́nu ni!" Litiana ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́fà la fẹ́ lò. Hazel, Bubu ẹ nìyí. Jáde, jẹ́ kí Bubu rí ẹ."

Bubu ni à ń pe ìyá àgbà níbí. Ṣùgbọ́n Hazel sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Akanisi, tó lè fa ọmọ tí kò mọ̀ rí mọ́ra láàárín ìṣẹ́jú méjì, gbàgbé akàn inú àpò rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ọmọ náà pẹ́. Ìgbà yẹn ni nǹkan sọ sí i lọ́kàn, ó gbójú sókè.

"Litiana, ẹní dà? Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn yín?"

Litiana fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Màámi! Mo gbàgbé."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọmọ tí obìnrin wa bá bí sílé ọkọ, kì í ṣàdédé wọ ìlú ìyá rẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ ló máa mú un wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tàwọn ti ẹní àti eyín àbùùbùtán, ẹja ńlá inú òkun, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Fífi ojú ọmọ hàn là ń pè é. Ó di ẹ̀yìn ìyẹn kí ọmọ tó wọlé. Litiana mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó wá sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé ilé àlejò kì í ṣe ìlú, pé gbogbo ayé ló ń wá síbẹ̀. Òótọ́ kúkú ni. Àmọ́ odò tínńrín kan àti pákó tí wọ́n fi dábùú rẹ̀ ló wà láàárín ilé àlejò àti ìlú, ilé Akanisi ló sì kọ́kọ́ wà lódìkejì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Akanisi lọ bá Bàbá Nemani, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, àwọn sì ni olórí ilé. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n tún ìró wọn ró, nítorí ọkùnrin náà ń ró ìró níbí.

"Ilé àlejò, ti àlejò ni. Kí wọ́n máa ṣeré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ yẹn kò gbọdọ̀ kan pákó títí a ó fi rí ojú rẹ̀ bó ṣe yẹ."

"Bàbá, èmi ti rí i láàárọ̀ yìí. Ó jọ tiyín gan-an ni."

"Bó bá jọ tèmi, á mọ àṣà."

"Ọmọ ọdún mẹ́fà, Bàbá!"

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó nìyẹn?"

Akanisi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbà náà kò ní àbùkù. Ohun tó sì fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí Hazel sùn sórí ẹní òun, nínú ilé òun, ì báà jẹ́ òru kan péré, kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú padà lọ́jọ́ Àìkú. Ó bínú lọ sílé, ó sì gbàgbé láti jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, eré tún bẹ̀rẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Hazel kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí òkun fà sẹ́yìn, tí Akanisi kó àwọn ọmọ àtàwọn òbí wọn lọ sórí àpáta láti lọ wo ẹja aláràbarà nínú adágún kéékèèké, Hazel tẹ̀ lé wọn ní ìdúró-díẹ̀-ìrìn-díẹ̀. Brendan, bàbá rẹ̀, yọ̀ gbìì, ó jókòó sínú omi tòun ti fìlà. Hazel rẹ́rìn-ín títí ó fi di aṣọ Akanisi mú kó má baà ṣubú. Kò sì jù ú sílẹ̀ mọ́. Wọ́n bó àgbọn pọ̀, wọ́n fi ewé àgbọn hun fìlà, wọ́n tú ẹ̀gẹ́ àti ẹja jáde nínú iná inú ilẹ̀ tí à ń pè ní lovo, Hazel sì jẹ ẹ̀gẹ́ títí èérú fi kan imú rẹ̀. Inú Akanisi dùn débi pé ó ń sáré bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ó di dandan kí iṣẹ́ parí. Lójoojúmọ́ tí aago mẹ́rin bá lù, Akanisi á kọjá pákó, Hazel á dúró létí odò.

"Bubu, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé mi ni, ọkàn mi."

"Èmi náà ńkọ́?"

Akanisi á ju ọwọ́ sí i, kò ní bojú wẹ̀yìn, nítorí tó bá bojú wẹ̀yìn, ó ti tán.

Samu ló tú ọ̀rọ̀ náà. Samu yìí ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àlejò lọ wo ẹja, ará erékùṣù òdìkejì sì ni. Òrìṣà kan náà làwọn baba ńlá wọn àti tiwa jọ sìn, ìdí nìyẹn tí a fi láyè láti bú ara wa bó ṣe wù wá, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó bá Akanisi níbi tó ń kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń hun ẹní. Gbogbo àwọn yòókù ti hun èyí tí wọ́n máa gbé ife lé, wọ́n ti lọ wẹ̀. Brendan nìkan ló kù, ó wé ẹsẹ̀ jókòó, òógùn bò ó. Ẹní tirẹ̀ ti gùn tó apá.

"Ẹ̀yin ará ibí," ni Samu wí, "ẹnu ẹja ni yín, orí akàn ni yín. Ẹ wá ń sunkún nítorí odò tí adìyẹ ń rìn kọjá?"

"Gbẹ́nu dákẹ́, ìwọ tí ìyá rẹ fi ọbẹ̀ iyanrìn wò dàgbà," Akanisi dá a lóhùn. "Ẹbí bàbá ọmọ ló ń mú un wá. Ṣé kí n lọ gbé wọn ní Brisbane ni?"

"Èmi kì í ṣe ẹbí?" Samu gbá Brendan lẹ́yìn. "Ọkùnrin yìí ti mu omi gbòǹgbò yaqona mọ́jú pẹ̀lú mi lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi ni. Ẹ̀yin ọmọ ẹja, ẹ sọ pé mi ò tó ẹni tí ń sọ̀rọ̀ níwájú yín, kí n gbọ́ ọ!"

Litiana, tó ń bọ̀ wá pe ọkọ rẹ̀, túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Brendan wo ẹní ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé wọ́n máa gba èyí?"

Samu gbé e sókè, ó wò ó níhìn-ín, ó wò ó lọ́hùn-ún. "Àbúrò, ẹní tàbí ejò lo hun?"

Akanisi rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Ṣùgbọ́n Brendan kò kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó hun ún parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, Bàbá Nemani gbà kí àwọn Samu wá. Bàbá jókòó pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ilé lábẹ́ igi níwájú ilé Akanisi. Samu ló ṣíwájú, ó ró ìró tuntun, ẹní ńlá méjì tí ìyàwó rẹ̀ hun wà léjìká rẹ̀. Brendan tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹní wíwọ́ rẹ̀, Litiana pọn Hazel kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan pákó. Akanisi ń wò wọ́n látẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá. Bí Bàbá bá kọ̀, kò tún sí ọjọ́ mìíràn.

Samu jókòó, ó sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pariwo lórí omi lójoojúmọ́ ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tọrọ àforíjì pé àwọn pẹ́, ó ní àwọn mú ojú ọmọ wá. Wọ́n tẹ́ ẹní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Bàbá Nemani gbọ́ ọ dópin, wọ́n sì wo àwọn ẹní náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"A rí ẹní," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Eyín àbùùbùtán dà?"

Samu tẹrí ba. "Kò sí lọ́wọ́ wa, Bàbá. A ò rí."

Akanisi di ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ mú gírígírí. Hazel fa ìyá rẹ̀ lápá, ó béèrè ohun tí bàbá àgbà ń wá. Litiana sọ ọ́ sí i létí: eyín ni. Kí ẹnikẹ́ni tó dá a dúró, ọmọ náà ti dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó tú bébà kan, ó sì gbé eyín iwájú rẹ̀ tó já lórí ìrèké láàárọ̀ ọjọ́ náà síwájú Bàbá Nemani. Ó la ẹnu kí wọ́n lè rí ihò rẹ̀, bóyá wọ́n rò pé òun jí i ni.

Samu ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn ọkùnrin bú sí i, ẹnì kan ń yí nílẹ̀. Bàbá Nemani kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé eyín tó kéré ju hóró àgbàdo lọ náà, wọ́n gbé e sókè bí wọ́n ṣe máa ń gbé ti àbùùbùtán, wọ́n sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbàlejò láìfo ẹyọ kan.

"Látọjọ́ tí mo ti ń gba eyín," ni wọ́n wí, "ti ẹja tó ti kú ni wọ́n ń gbé fún mi. Ẹnikẹ́ni kò tíì yọ ti ẹnu rẹ̀ fún mi rí." Wọ́n pe ọmọ náà sọ́dọ̀. "Ojú rẹ, a ti rí i. Ọmọ obìnrin wa ni ọ́. Ohunkóhun tó o bá fẹ́ ní ìlú yìí, mú un. Bí àṣà wa ṣe rí nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé rárá."

Ọkùnrin kan yára jókòó lé rédíò rẹ̀. Òmíràn ń wo ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tàánú-tàánú. Litiana túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, Hazel ronú díẹ̀, ó wo Akanisi, ó sì sọ nǹkan sí ìyá rẹ̀ létí.

"Ó ní," Litiana kọjú sí Bàbá, "ó ní ilé Bubu lòun fẹ́ sùn lónìí."

Bàbá Nemani mi orí. "Ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń mú. Tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ fún un kó mú nǹkan mìíràn."

Akanisi, tí kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ Ajé, bú sẹ́kún gbùà níwájú gbogbo wọn, kò sì tijú. Ó gbé ọmọ náà sí ìbàdí, ó wọlé lọ tẹ́ ẹní. Níta, wọ́n ṣì ń dúró kí wọ́n gbọ́ ohun mìíràn tí Hazel máa mú, onírédíò kò sì tíì dìde.