Ẹ Yọ Orúkọ Aili Kúrò Lára Àwọn Tí Ẹ Gbà Là

Àǹtí Aili Kemppainen kú lọ́sàn-án Sátidé, nídìí fèrèsé tó ti ń ta áísìkiriìmù fún wa láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí mọ́tò mọ́kàndínlógójì sì tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe àrùn Kòrónà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Obìnrin tó kàn láti rajà sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni, "Ṣé kí n da ẹ̀pà lé e lórí àbí o ò fẹ́?" Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sì tún ń sunkún.

Lọ́jọ́rú tí a sin ín, òfin ò jẹ́ kí èèyàn ju mẹ́wàá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa tó kù jókòó sínú mọ́tò, a yí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ po, a ń fun fèrè mọ́tò bí ẹni ń sìnyàwó. Ọkọ̀ panápaná ló ṣíwájú. Kò sí ajá tí kò gbó ní ìlú wa, Kettle Harbor, lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà lẹ́ẹ̀mẹta, ariwo wa gbà á lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò rí ìsìnkú tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, bẹ́ẹ̀ ni inú kò sì bí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ gbọ́ ná. Nígbà tí àrùn dé lóṣù kẹta, tí wọ́n ti gbogbo nǹkan pa, ojú ewé ìgbìmọ̀ ìlú lórí ayélujára ṣì ń kí wa kú ọdún yìnyín, ọdún tó ti parí láti oṣù kejì! Aili kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ta ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù áísìkiriìmù létí adágún Superior kí oṣù karùn-ún tó dé? Ṣùgbọ́n ó gbé ṣọ́bìrì, ó wa yìnyín títí ó fi dé ìdí pátákó rẹ̀, èyí tí a ń to lẹ́tà rọ́bà sí lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Láràárọ̀ ló ń tẹ àwọn èèyàn láago, tí yóò sì to ìròyìn: ẸYIN TI DÉ ṢỌ́Ọ̀BÙ MILLIE, Ẹ MÁ JÀ. ÀGBÀLAGBÀ NÌKAN NÍ AGO MẸ́JỌ. IGI ÌDÁNÁ TI TÁN LỌ́WỌ́ TOIVO, TA LÓ NÍ?

Ọjọ́ kan ni mo bá akọ̀wé ìgbìmọ̀ gan-an nínú mọ́tò níwájú pátákó náà. Mo ní, "Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Ó ní, "Mo fẹ́ mọ ìgbà tí ọ́fíìsì wa máa ṣí ni."

Nígbà tó yá, owó ìrànwọ́ fún àwọn oníṣòwò kékeré dé. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ gùn ju Lẹ́ńtì lọ. Ta ló bá Ray onígbàjámọ̀ kọ tirẹ̀? Ta ló bá Millie kọ, tó tún bá àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe kọ? Aili ni, pẹ̀lú ìbòmú, láti ojú fèrèsé. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá kò ju kó lè rí obìnrin méjì gbà síṣẹ́, nítorí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ìbéèrè kẹrin ló pa á: ǹjẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta?

Ray ní, "Àǹtí, ẹ kọ bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ máa lọ."

"Kí n purọ́ fún Duane? Ọmọ tí mo ń nu ẹnu fún?" Ó kọ rárá.

Duane Trevarrow ni alága ìgbìmọ̀ ìrànwọ́. Gbogbo wa la wo ìjókòó wọn lórí kọ̀ǹpútà.

"Màmá," Duane wí, "ìwé yín ní ẹ ò ṣí lóṣù kẹta."

"Duane, ìwọ ti lá áísìkiriìmù lóṣù kẹta rí? Nígbà tí imú ẹ ti dì?"

"Òfin là ń tẹ̀ lé, Màmá. Ṣọ́ọ̀bù tó ti wà ní títì kí àrùn tó dé, a ò lè sọ pé àrùn ló tì í."

Aili bá gbé fọ́tò kan síwájú ẹ̀rọ: Duane nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, kóònù lọ́wọ́, ṣokoléètì dé etí. "Ẹ̀rí mi rèé. Látọdún tí mo ti ṣí lo ti ń bá mi rajà, o ò sì tíì sinmi."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Duane nu ojú. "Màmá, ẹ máa fi ẹ̀rín pa wá o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n dìbò. Àwọn márààrún ní rárá, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ì jẹun lọ́wọ́ obìnrin yìí.

Bí òun nìkan ṣe ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́ta nìyẹn, láti oṣù karùn-ún títí di Sátidé náà. Òun ló ń gbé agolo ńláńlá láti inú fírísà, òun ló ń bù, òun ló ń to pátákó. Síbẹ̀ kò gbàgbé ohun tí ẹnì kankan ń fẹ́. Láti ìgbà tí ìyàwó Ed aládùúgbò wa ti kú, kóònù méjì náà ni Ed ṣì ń gbà, fànílà kan, sítírọ́bẹ́rì kan. Aili á bù ú fún un, kò sì bi í léèrè rí ta ló ni ìkejì. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, èwo nínú fọ́ọ̀mù yín ló ní àyè fún irú ìyẹn?

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ṣùgbọ́n ère tí àwọn wọ̀nyí gbẹ́ kọjá àfaradà. Ọjọ́ kẹrin tí a sin ín, ìwé dídán kan bọ́ sínú àpótí lẹ́tà mi: "Ilé Ìtajà Mẹ́rìnlá Tí Ìgbìmọ̀ Wa Gbà Là." Mo kà á dé ìkẹsàn-án. Ṣọ́ọ̀bù Áísìkiriìmù Aili! Wọ́n tẹ àwòrán fèrèsé rẹ̀ síbẹ̀, tòun ti ọwọ́ rẹ̀ tó na kóònù síta. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi sáré wá wò mí. Ẹ wo àfojúdi!

Mo pe Duane. Ó ní, "Àṣìṣe akọ̀wé ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ ká fi ba orúkọ ìlú jẹ́ lásìkò ọ̀fọ̀."

Orúkọ ìlú kọ́, Duane. Orúkọ obìnrin kan ni. Obìnrin tó kọ̀ láti purọ́ kó lè rí ìrànwọ́ gbà, ẹ ti wá fi òkú rẹ̀ purọ́ pé ẹ ràn án lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, níbi ìjókòó ìgbìmọ̀, kí wọ́n yọ orúkọ Aili kúrò nínú àwọn tí wọ́n gbà là, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlú pé ó béèrè, pé wọ́n rẹ́rìn-ín, pé wọ́n kọ̀. Kí akọ̀wé má kà á o. Àwọn márààrún tó fọwọ́ sí i ni kó dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú dárúkọ ara rẹ̀, kó sì sọ ọ́ tẹnutẹnu: "Èmi ni mo sọ pé rárá fún Aili." A ó jókòó, a ó dákẹ́, a ó gbọ́ wọn tán, ẹnikẹ́ni ò sì ní rẹ́rìn-ín.