Etí Lucien, Ẹsẹ̀ Honorine

Kí gbogbo ayé gbọ́, kí ẹni tó bá ní gègé lọ́wọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: Lucien kì í dijú bí wọ́n bá ń gbàdúrà.

Kì í ṣe pé kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ó gbà Á gbọ́ dáadáa. Àwọn ọkùnrin tó jókòó yí i ká ni kò gbà gbọ́. Nínú ìjọ wọn ní Abobo, obìnrin ń jókòó sápá ọ̀tún, ọkùnrin sápá òsì, bí àwọn bàbá wọn ti ń ṣe é ní Sakété kí wọ́n tó wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé l'Abidjan. Honorine ìyàwó rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Bí pásítọ̀ bá ti ní ká gbàdúrà, Lucien á di ojú kan, á fi ìkejì ṣọ́ ẹni tó bá ń wo ìyàwó òun. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò tíì rí ẹnikẹ́ni mú. Ìyẹn gan-an ló ń kọ ọ́ lóminú. Níbi iṣẹ́ yíyẹ ẹrù wò tó ti fẹ̀yìn tì ní pọ́ọ̀tù, wọ́n kọ́ ọ pé àpótí tí ìwé rẹ̀ bá mọ́ jù ni kéèyàn kọ́kọ́ tú.

Lọ́jọ́ Fête des Mères tí wọ́n fi ń yẹ́ ìyá sí, àwọn ìyá ló ń ṣe gbogbo ìsìn nínú ìjọ yìí. Àwọn ló ń wàásù, àwọn ló ń kọrin, àwọn ló ń gba ọrẹ. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó máa ń kù níwájú ni onílù, nítorí kò sí obìnrin tó mọ batterie lù, ìyẹn ìlù òyìnbó tí èèyàn ń jókòó sáàárín rẹ̀, tọ́wọ́ ń lu ti òkè, tẹ́sẹ̀ ń tẹ èyí ńlá tó wà nílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, onílù náà jẹ ṣingọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dópin. Honorine fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ níléèwé ní Bingerville, kò sì gba ṣingọ́ọ̀mù ní kíláàsì rẹ̀ rí. Ó dìde nípàdé àwọn ìyá.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi ni n ó lù ú."

"Ìwọ?" Pélagie tó jẹ́ présidente wọn wò ó látòkè délẹ̀. "Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

"Orúnkún kan ló ń dùn mí. Èkejì ni n ó fi tẹ̀ ẹ́."

Bó ṣe di pé Honorine ń lọ sí Zone 4 ní gbogbo samedi, ọjọ́ Sátidé, nìyẹn, lọ́dọ̀ Taïrou, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Adjamé, tó ń lùlù nílé oúnjẹ, tó sì ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Taïrou sígbọnlẹ̀, eyín rẹ̀ funfun, ó sì ń fi lọ́fínńdà. Lójú Lucien tó sìn ín lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀sùn mẹ́ta ti wà nílẹ̀ kí ọmọkùnrin náà tó lanu. Ó wá lanu.

"Tantie, ẹ káàbọ̀ o."

Nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé wọn padà sí Abobo, Lucien kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Kí ló dé tí kò pè ọ́ ní Maman?"

"Ta ni?"

"Ẹni tó bá pe obìnrin ní Maman, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá pè é ní Tantie, ńṣe ló kàn pa á dé."

"Papa Sabine, ó pe ìwọ náà ní Tonton. Ṣé ó fẹ́ fẹ́ ọ ni?"

Èrò kan bú sẹ́rìn-ín. Lucien yíjú wò ó dáadáa. Ó ṣàkíyèsí pé èrò yìí náà sígbọnlẹ̀.

Ní samedi kejì, ó fẹ́ wọlé jókòó, àmọ́ Taïrou fi sùúrù dá a dúró. Yàrá náà kéré, ó ní, kò gba òǹwòran. Ẹni tí kò bá kọ́ ìlù á dúró lọ́dọ̀ gardien, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, níta.

"Mo fẹ́ kọ́ ọ," Lucien wí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí kò fọwọ́ kan ìlù rí láyé.

Wọ́n kì í gbé ìlù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan lórí àpótí ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá méjì. Honorine ti kọjá ti rọ́bà ní tiẹ̀, òun ti wà lórí àga gidi.

"Tonton, ẹ má fún ọ̀pá yẹn mọ́wọ́. Ẹ mú un bí ẹni mú ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi gbígbóná. Bẹ́ ẹ bá fún un, kò ní ta padà."

Lucien kì í ṣe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú nǹkan láìfún un. Síbẹ̀ ó gbìyànjú.

"Ó dáa. Ẹ wá dijú."

"Kí n di kí ni?"

"Ojú yín. Ojú ló ń da ọwọ́ láàmú. Etí la fi ń kà á: un, deux, trois, quatre."

Lucien wò ó. Gbogbo ohun tó ti fura sí látilé náà ló ń ṣẹlẹ̀ yìí, lójúmọmọ. Ó di ojú kan.

"Tonton, ó ku ìkejì."

Ohun tí pásítọ̀ kò rí fún ọgbọ̀n ọdún, Taïrou rí i kíá. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Lucien di méjèèjì, òógùn sì bò ó. Àfi bó ṣe gbọ́ ọ: dùm. Ẹsẹ̀ Honorine ni, lórí ìlù ilẹ̀. Bó bá ń tẹ ìlù, a jẹ́ pé ó wà lórí àga rẹ̀. Dùm. Ó ṣì wà níbẹ̀. Dùm. Kò ì dìde. Lucien na etí bí kò ṣe na ojú rí, ọ̀pá rẹ̀ sì ń bọ́ sórí dùm kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́, bí ìgbà tó ń lu òǹtẹ̀ ní pọ́ọ̀tù: a ti rí i, a ti rí i, a ti rí i.

Taïrou sún mọ́ ọn.

"Tonton, ta ló kọ́ yín tẹ́lẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Ha! Ẹ̀yin létí o. Tantie, ẹ gbọ́ bí Tonton ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin ń sáré. Tonton ò sáré."

Láti ọjọ́ yẹn, ẹni méjì ló ń jowú nínú ilé kan. Bí Lucien bá fi ṣíbí kan etí àwo attiéké, Honorine á ní, "Gbé e sílẹ̀." Òun lorúnkún ń dùn. Òun ló fi gbogbo ara wá ìlù. Ẹni tó tẹ̀ lé e wá ṣọ́ ọ ló wá létí! Ọkùnrin tí kò kọ orin ìjọ kan já rí! Ó ń wò ó bó ṣe ń jẹun bí ẹni pé ẹja òun ló jí.

Ó sì ṣe àṣìṣe kan: ó rojọ́ náà fún Pélagie.

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni?" Pélagie béèrè nípàdé, níṣojú gbogbo ìyá. "Fête des Mères ti dé tán o. Kó kúkú lù ú fún wa. A ó wé gèlè fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Honorine kò rẹ́rìn-ín. Pélagie ní òun á bá wọn lọ sí Zone 4 ní samedi, òun á gbọ́ ti ọkọ, òun á gbọ́ ti ìyàwó, òun á sì mú ọ̀kan.

Nígbà tí samedi dé, Honorine kò múra.

"Ẹ máa lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ létí. Mi ò lọ síbi tí wọ́n á ti fi mí wé ọkọ mi."

Lucien rò ó wò. Bí Honorine bá wà nílé, tí òun sì wà lọ́dọ̀ Taïrou, òun ṣì ń ṣọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó bá Pélagie lọ.

Ó jókòó, ó mú ọ̀pá, ó dijú méjèèjì. Kò gbọ́ dùm. Níbo ni Honorine wà? Ilé. Ta ló ń gbé iwájú ilé wọn? Électricien kan nínú ìjọ wọn, tí ìyàwó rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tó sì máa ń kí èèyàn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀pá ọ̀tún sáré, ti òsì dúró, Lucien fún méjèèjì mọ́wọ́ pinpin. Nígbà tó sì rántí pé kò yẹ kóun fún un, ọ̀kan fò lọ bọ́ sórí àpò Pélagie.

"Ṣé ìlù tẹ́ ẹ wí nìyí?"

"Maman, mo búra, kì í ṣe báyìí tẹ́lẹ̀."

Nínú gbogbo ìdààmú yẹn, Lucien gbọ́ ọ dájú pé Maman ló pe Pélagie.

Wọ́n padà sí Abobo. Bí wọ́n ṣe dẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ọ látinú ilé ìdáná: dùm, dùm, dùm. Honorine ti dojú bàsíà kan délẹ̀, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ Lucien gbéra fúnra rẹ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn, kó, kó, kó, kò sáré, kò falẹ̀. Honorine dúró. Ọwọ́ Lucien dúró. Honorine tún bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀.

Pélagie wo ọwọ́, ó wo ẹsẹ̀.

"Honorine, jáde wá. Ọkọ rẹ kò mọ ìlù o. Ẹsẹ̀ rẹ ló ń ṣọ́."

"Ìyẹn ni pé kò lẹ́bùn kankan?"

"Kankan. Owú lásán ni."

Kò tíì sí ìròyìn tó dùn mọ́ Honorine nínú tó bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé attiéké fún ọkọ rẹ̀, ó fi orí ẹja sí i.

Lọ́jọ́ Fête des Mères, Honorine ló jókòó sídìí batterie. Ó sáré díẹ̀ nínú orin kìíní, ó mú un padà, gbogbo ìyá sì gberin mọ́ ọn. Lucien ti pinnu pé òun ò ní ṣẹ́jú rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó rí pọ̀ jù: gbogbo ọkùnrin apá òsì ń wo obìnrin kan ṣoṣo, wọ́n sì rí ohun wò. Électricien tiẹ̀ dìde, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Lucien kò lè fara dà á. Ó di ojú méjèèjì. Dùm. Ó wà níbẹ̀. Dùm. Ó ṣì wà níbẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀.

Pásítọ̀ rí i. Nígbà tí wọ́n ní kó ṣe àdúrà ìdágbére, ó nawọ́ sí i níwájú gbogbo ìjọ: "Ẹ wo Papa Lucien. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Ní ọ̀run, níbi tí wọ́n ti ń gba àdúrà wọlé, orúkọ ta ni ẹ rò pé wọ́n kọ àdúrà ọjọ́ yẹn sí: ti ẹni tó dijú, àbí ti ẹni tó ń tẹ ìlù?