Sátidé Kẹta Alága

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Emmanuel Olúsànyà fi tẹ wáyà nílé ìfìwéránṣẹ́. Wáyà kú, òun ò kú. Ó gba ìwé àṣẹ, ó ra rédíò tí èèyàn lè fi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bíi wáyà kó sì gbọ́ èsì bí ohùn fèrè kúkurú àti gígùn, ó na okùn irin rédíò náà láti orí páànù ilé rẹ̀ ní Ọ̀rányàn dé orí igi máńgòrò. Precious, ayálégbé rẹ̀, ń sá aṣọ ọmọ sórí rẹ̀.

Àwọn méje ni wọ́n jọ ń ṣe é, òṣìṣẹ́ wáyà àtijọ́ ni gbogbo wọn. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, wọ́n á pàdé lórí nọ́ńbà 7030, ojú ọ̀nà tí wọ́n yàn nínú afẹ́fẹ́, alága á pe orúkọ, oníkálukú á dáhùn. Olúsànyà ni alága. Òfin wọn ò pọ̀: alága tí wọn ò bá gbọ́ ní Sátidé mẹ́ta léraléra, ipò ti bọ́. Ẹni tó bá sì tẹ fóònù láti ṣàlàyé, ó ti jẹ̀bi.

Hilda ọmọ rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó fi rédíò tuntun ránṣẹ́ láti òkè òkun, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn gàdàgbà. Ti tẹ́lẹ̀ ò ní nọ́ńbà. Etí ni bàbá fi ń wá èèyàn lórí rẹ̀. Ní báyìí, ó yí i títí ó fi ka 7030 géérégé, ó wá fọwọ́ lẹ́rán. Ó ń gbọ́ Yésúfù, igbákejì rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohùn náà ń kùn nílẹ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò kejì. Yésúfù ò gbọ́ ọ rárá. Sátidé méjì lọ báyẹn.

Ní Sátidé kẹta, Deborah ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ń ka ohun tí Yésúfù ń tẹ̀ síta:

“‘Alága, ṣé o ti sùn ni? Àga rẹ ti ń tutù. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, màá jókòó.’”

“Ẹ dá a lóhùn.”

“Kí lo rò pé mo ń ṣe? Rédíò rẹ̀ ló ti gbó. Gbọ́ bó ṣe ń kùn.”

Ó tẹ tiẹ̀. Ohùn tiẹ̀ dún jáde, ó mọ́ gaara, ó wà lókè.

Deborah gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń léwájú àwọn olóhùn òkè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kúdẹtì.

“Bàbá Hilda, ẹ̀yin wà lókè, ọkùnrin yìí wà nínú kòtò. Ta ló ní kí ẹ jọ máa kọrin báyẹn?”

“A ò kọrin.”

“Mo rí i pé ẹ ò kọrin.” Ó fi imú gbé ohùn tí ọkọ rẹ̀ tẹ̀ jáde, ó dì í mú. “Ẹ gbé Yésúfù wá bá mi níbí.”

Bàbá yí bọ́tìnnì sọ́tùn-ún, Yésúfù sọnù. Ó yí i sósì. Yésúfù padà dé, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ohùn Deborah pàdé. Bàbá wo ojú rédíò. 7029.3.

“Kì í ṣe 7030 mọ́!”

“Ṣé nọ́ńbà lẹ fẹ́ kí ni, àbí Yésúfù?”

Ó tẹ̀ ẹ́. Èsì dé lójú ẹsẹ̀: “Họ́wù! Ó jíǹde!”

Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé tó bá rédíò wá, tí bàbá kò ṣí. Nọ́ńbà ojú rédíò yẹn, ibi tí etí wà ni. Ibi tí ọwọ́ ń tẹ̀ sí yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ohùn ẹnìkejì lè dún. Bí ohùn méjèèjì bá dọ́gba, ẹ ti pàdé nìyẹn. Bí wọn ò bá dọ́gba, ilẹ̀kùn ẹlòmíì lẹ ń kàn.

Bàbá pe orúkọ. Àwọn mẹ́fà jẹ́. Yésúfù wá béèrè: “Ta ló bá ọ tún un ṣe?”

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀. Kì í purọ́ lórí wáyà. Ó tẹ̀ ẹ́: “Ìyàwó mi.”

Lẹ́yìn náà Yésúfù tẹ̀ ẹ́ pé, “Kó wá ṣe alága.” Àwọn márùn-ún yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan: mo fara mọ́ ọn, mo fara mọ́ ọn.

“Kí ni wọ́n wí?” Deborah béèrè.

Bàbá pa rédíò.

“Wọ́n ní kí n kí ọ.”